Adìyẹ Mẹ́wàá Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Pa

"Ọ̀sẹ̀ méjì!" Japheth na ìka méjì sókè, ó fi wọ́n yí ẹ̀yìnkùlé ká bí ẹni pé gbogbo Ìgbó-Ọrà ló ń wò ó. "Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo fún wọn! Ẹ̀gbọ́n mi, bí adìyẹ òyìnbó bá jẹ oúnjẹ kíkan yín yìí, tí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn bá fojú kan ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, kí ẹ pè mí ní ewúrẹ́. Èmi tísà yóò sì dáhùn pé mẹ̀ẹ́!"

Mùínàt, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń sẹ́ ògì, apá rẹ̀ funfun dé ìgúnpá.

"Ewúrẹ́. Mo ti gbọ́," ó ní. "Mo kàn ń ro ọ̀nà tí ewúrẹ́ gbà di tísà ni."

Ọmọ ìyá kan náà, bàbá kan náà ni àwọn méjèèjì o. Bí wọ́n bá ń kí ara wọn láàárọ̀, ẹni tó ń kọjá lọ á rò pé ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìjà bá wá bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, àwọn ará àdúgbò á gbé àga síta. Búrẹ́mọ̀ ni wọ́n sọ Japheth lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù ló gbà á bíi Búrẹ́mọ̀ tó dá a padà bíi Japheth, tó fi ṣòkòtò kakí kan àti ẹnu tí kì í sinmi ṣe èènì fún un. Mùínàt kò jẹ́ kí orúkọ tuntun náà wọlé rí. Búrẹ́mọ̀ ló ń pè é, pàápàá bí inú bá ń bí i, inú kì í sì í pẹ́ bí i.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń jà sí. Ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ kò tóbi. Japheth, ìyàwó rẹ̀ Salome àti ọmọ márùn-ún ló wà nínú yàrá méjì iwájú. Mùínàt, tí ọkọ rẹ̀ ti kú tó sì padà sílé bàbá rẹ̀, ló wà ní yàrá ẹ̀yìn. Àmọ́ ẹ̀yìnkùlé tẹ́ rẹrẹ títí dé ìdí ògiri ilé Bàbá Òkè, aládùúgbò wọn. Ibẹ̀ ni àtíbàbà Mùínàt wà, pẹ̀lú ààrò rẹ̀, ìkòkò ògì méje àti ewúrẹ́ kan lórí ìso. Ibẹ̀ náà ni Japheth fẹ́ kọ́lé sí, ilé oníyàrá mẹ́ta, onípáànù. Ó ti rọ́ yanrìn rẹ̀ jọ. Yanrìn náà ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé koríko ti hù lórí rẹ̀, ewúrẹ́ Mùínàt sì ti jẹ koríko náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí Mùínàt bá kúrò, kò ní ibòmíràn tí yóò ti máa ṣe ògì tó fi ń jẹun. Bí kò bá kúrò, ọmọ márùn-ún Japheth yóò máa sùn lé ara wọn lórí bí iṣu inú apẹ̀rẹ̀.

Ìparí ọdún 1971 ni, nígbà tí rédíò ń pariwo lójoojúmọ́ pé láìpẹ́ mọ́tò yóò fi apá òsì títì sílẹ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún, ni Japheth ti Ìbàdàn dé pẹ̀lú páálí kan tó ń ké ṣíoṣío. Òròmọdìyẹ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, wọ́n pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí epo tuntun. Salome ti ń wá ọ̀bẹ. Japheth ní kó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ránṣẹ́ pe Bàbá Òkè.

Bàbá Òkè nìkan ló kù láyé nínú ẹgbẹ́ bàbá wọn, ilé rẹ̀ ló sì fẹ̀yìn ti tiwọn. Òun ni wọ́n máa ń pè sí gbogbo ìjà. Bó bá sì dé tán, wọn kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

"Bàbá," Japheth ní, ohùn rẹ̀ dùn bí ohùn ẹni tó ń ka ìwé mímọ́, "ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kì í ṣèkà. Àwọn bàbá wa ní ọ̀sìn. Ẹni tó ní adìyẹ á gbé e fún ẹni tó ní oúnjẹ, ẹni yẹn á sìn ín, bí adìyẹ bá pamọ, wọn á pín ọmọ sọ́nà méjì. Mo gbé mẹ́wàá yìí fún ẹ̀gbọ́n mi sìn. Bí wọ́n bá dàgbà, tí wọ́n yé, tí wọ́n sàba, tí wọ́n pamọ, mo fi ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi títí ayé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan, ẹyọ kan ṣoṣo, bá kú mọ́ wọn lọ́wọ́ kí ọjọ́ náà tó dé, kí wọ́n ru ìkòkò wọn jáde."

Mùínàt ṣan ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó mọ̀ pé pàkúté ni. Ibi tí ẹnu pàkúté náà wà ni kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbéraga ń bẹ lára òun náà, ó kàn ń fi ìborùn bò ó ni.

"Ọmọ mẹ́fà ni mo bí," ó ní, "kò sí èyí tó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé adìyẹ ni yóò wá kú? Mo gbà. Àmọ́ èmi náà ní tèmi. Mo mọ ọ̀fun rẹ, Búrẹ́mọ̀. Láti kékeré lo ti ń yọ ẹran nínú ọbẹ̀ tí Ìyá wa kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa, tàbí ará ilé rẹ̀, tó bá fi ọ̀bẹ kan ọ̀kan nínú wọn kí wọ́n tó pamọ, onítọ̀hún ti pàdánù ẹ̀yìnkùlé."

"Mo fara mọ́ ọn!" Japheth dáhùn kíá. Kíákíá rẹ̀ pọ̀ jù fún ẹni tí kò fi nǹkan pamọ́.

Bàbá Òkè fi ọ̀pá rẹ̀ kanlẹ̀. "Ní ti ẹ̀yìnkùlé yìí, ẹ jẹ́ kí n—"

"Ẹlẹ́rìí la ní kí ẹ wá ṣe, Bàbá!" àwọn méjèèjì ké pọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí lọ́dún náà nìyẹn. Bàbá Òkè pa ẹnu dé, ó lọ sílé.

Ohun tí Japheth fi pamọ́ nìyí. Ìwé pélébé kan wà nísàlẹ̀ páálí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé adìyẹ ẹran ni o, kì í ṣe adìyẹ tí à ń retí ẹyin tàbí ìsàba lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kí olúwarẹ̀ pa á jẹ. Bó bá fi í sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara rẹ̀ yóò wúwo ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ooru yóò sì pa á. Japheth kà á tán nínú ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín láti Ọmí-Adió dé Èrúwà, ẹni tó jókòó tì í sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó délé, ó ká ìwé náà sínú ìwé orin rẹ̀, ní ojú ewé orin ìsìnkú.

Nítorí náà, bó wu Mùínàt kó mọ ọ̀sìn í ṣe bí ẹni tó bí adìyẹ fúnra rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kìkì sùúrù ló kù. Àmọ́ sùúrù kò sí nínú ohun tí míṣọ́ọ̀nù fún Japheth. Lọ́jọ́ kẹta, tó rí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fún adìyẹ jẹ, inú rẹ̀ dùn débi tó fi na ìka méjì sókè.

Mùínàt kì í da nǹkan nù. Eèrí tó ń ṣẹ́ kù lára ògì, tó jẹ́ oúnjẹ ewúrẹ́ tẹ́lẹ̀, ó dà á sínú ìkòkò ńlá kan tó ti sán létí. Ó gún èèpo gbágùúdá gbígbẹ mọ́ ọn, ó da omi ògì tó ti kan lé e títí tó fi bò ó mọ́lẹ̀, ó fi ewé dé e lórí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í hó láìsí iná nídìí rẹ̀, ó ń tú ìfófòó, òórùn rẹ̀ sì ń dé ojú títì láti kí àwọn èrò ọkọ̀. Mùínàt á bù ú, á fún omi rẹ̀ dànù díẹ̀, á da ikán mọ́ ọn àti ìyẹ̀fun ẹja tó gbá nídìí àtẹ àwọn ẹlẹ́ja, á gbé e síwájú adìyẹ. Kì í bù ú kanlẹ̀. Ìyókù ìdí ìkòkò ló máa ń mú kí tuntun tètè kan.

"Ẹ ń fi ìdọ̀tí bọ́ ẹ̀dá Ọlọ́run," Japheth ní.

"Ògì tí o mu dàgbà náà kan. Ìwọ ni ẹ̀rí pé kì í pani. Bó ń pani ni, ilé yìí ì bá ti nísinmi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Japheth ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn kan níta.

"Ewúrẹ́ o! Ẹ bá mi pe ewúrẹ́ inú ilé yìí jáde!"

Mùínàt ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, adìyẹ kan lábẹ́ abíyá ọ̀tún, òmíràn lábẹ́ òsì, ìyẹ́ funfun ti bò wọ́n. Ó ti kó mẹ́jọ yòókù sínú agbọ̀n, ó gbé e kalẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè kà wọ́n. Àwọn tó ń lọ sóko dúró. Obìnrin kan tó ru gbágùúdá láti Ìdèrè sọ ẹrù kalẹ̀ pátápátá, ó ní òun kò kánjú.

Nínú yàrá, Japheth dúró gbagidi bí òpó, ọwọ́ rẹ̀ wà lára bọ́tìnnì.

"Bàbá Kíkẹ́lọmọ," Salome ní láti ìdí ààrò, "wọ́n ń pè yín."

"Ta ni wọ́n ń pè?"

"Ewúrẹ́."

"Mi ò sí nílé!"

"Mo gbọ́." Salome kọjú síta. "Màmá Láwàl, ewúrẹ́ ní òun kò sí nílé!"

Ariwo ẹ̀rín sọ. Kí ó tó rọlẹ̀, ewúrẹ́ Mùínàt gan-an, tí ebi ń pa lórí ìso nítorí pé adìyẹ ti gba eèrí mọ́ ọn lẹ́nu, gbóhùn sókè láti ẹ̀yìnkùlé: "Mẹ̀ẹ́ẹ̀ẹ̀!" Obìnrin onígbágùúdá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ìhà rẹ̀ mú. Láti ọjọ́ náà lọ, bí Japheth bá kọjú sí pátákó láti kọ nǹkan, ohùn kan á dún láti ẹ̀yìn kíláàsì, kò sì ní í sí ẹni tó dún.

Ṣé ẹ rò pé ó kọ́gbọ́n? Ó kọ́ ìkà ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, lọ́jọ́ Jímọ̀, ó dúró títí Mùínàt fi wé ìborùn tó sì gba mọ́ṣáláṣí lọ. Ó wọ ẹ̀yìnkùlé, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo igun gbogbo bíi wolé-wolé.

"Ìmọ́tótó," ó sọ fún ewúrẹ́. Ewúrẹ́ yẹn nìkan ló wà níbẹ̀.

Èrò rẹ̀ ni láti gbé ìkòkò oúnjẹ kíkan náà, kó dà á sí gọ́tà ìta, kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, kí ebi lè pa àwọn adìyẹ kú. Ó gbé ìkòkò náà mọ́yà. Ìkòkò náà wúwo ju bó ṣe rò lọ. Ó tẹ eèrí lórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ sí Ìdèrè, ẹsẹ̀ òsì gba Tápà lọ. Ìkòkò fọ́ sí i láyà, oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta dà sí i lára láti ọrùn dé ìbọ̀sẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ta ilẹ̀kùn àgò adìyẹ ṣí.

Adìyẹ mẹ́wàá tó ti tó ìyá adìyẹ ìbílẹ̀ jáde gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ̀. Wọ́n rí oúnjẹ. Oúnjẹ náà ń pariwo, ó sì ń ta ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni. Wọ́n gùn ún. Wọ́n ṣa oúnjẹ jẹ lórí ikùn rẹ̀ àti orúnkún rẹ̀, wọ́n yọ eèrí nínú etí rẹ̀ pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Nígbà tí Mùínàt fi ti mọ́ṣáláṣí dé, adìyẹ ti yó, wọ́n sùn lé àbúrò rẹ̀ lórí, kò sì lè dìde.

Mùínàt wò ó títí.

"O ṣeun tí o bá mi fún wọn lóúnjẹ," ó ní. "Bọ́ ṣòkòtò yẹn."

"Kí ló dé?"

"Ìyókù oúnjẹ mi ló wà lára rẹ̀. Bọ́ ọ, kí n tó bọ́ ọ fún ọ."

Níwájú ewúrẹ́, Japheth bọ́ ṣòkòtò kakí. Mùínàt mú un, ó fún un gbẹ sínú ìkòkò tuntun, ó da eèrí tútù lé e, ó dé e. Kíkan tó ti wà nínú ṣòkòtò náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìkòkò fi hó lọ́jọ́ kejì. Oúnjẹ tí adìyẹ tún jẹ títí di òpin ọ̀rọ̀ yìí, láti inú ṣòkòtò Japheth ló ti ṣẹ̀ wá, Mùínàt sì rí i pé gbogbo àwọn tó ń ra ògì lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá pé. Adìyẹ náà ti di nǹkan mìíràn. Wọ́n funfun, wọ́n rí rìbìtì, bí tìmùtìmù tí wọ́n rán orí àti ẹsẹ̀ mọ́. Wọ́n ní adìyẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Àwọn wọ̀nyí kò mọ̀ pé adìyẹ ni wọ́n. Wọn kì í tanlẹ̀, wọn kì í fò. Wọ́n á jókòó ti ọpọ́n, wọ́n á dijú, wọ́n á máa jẹun lọ. Èyí tó tóbi jù nínú wọn ni Mùínàt sọ ní Kọmíṣánnà, nítorí pé ìjókòó àti jíjẹ nìkan ni iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni rí i tó ń ṣe. Àwọn ènìyàn ń ti ọjà Tápà yà wá wò wọ́n.

"Kí lẹ ń dúró dè?" àlejò á bi Mùínàt. "Ẹ pa á jẹ."

"A kì í pa adìyẹ ọ̀sìn kí ó tó pamọ," Mùínàt á dáhùn, ojú rẹ̀ á sì máa wo ibòmíràn.

Ó ti ń ṣe ìtẹ́ fún wọn nígbà náà. Ó kó koríko gbígbẹ sínú agbọ̀n, ó gbé wọn lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Agbọ̀n fọ́. Ó lọ yá ẹyin adìyẹ ìbílẹ̀ kan, ó fi í sábẹ́ Kọmíṣánnà kí ó lè rí bí wọ́n ti í sàba. Kọmíṣánnà jókòó. Ohun kan dún pó. Nígbà tó yá, ó yíjú padà, ó jẹ ẹyin náà.

Japheth wà lójú fèrèsé, ó fi ìwé orin bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín nìkan kọ́ ló ń bá a jà. Ọ̀fun rẹ̀ ńkọ́? Láti ọdún tuntun, ẹran kò tíì wọ ìkòkò Salome. Ní ìrọ̀lẹ́, Japheth á lọ dúró ti àgò, á máa wo itan Kọmíṣánnà, itọ́ á máa lọ gbó, gbó, gbó lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

"Ẹran rèé níta," Salome ní lálẹ́ ọjọ́ kan, bó ti ń gbé iṣu funfun ka iwájú rẹ̀. "Epo la ó tún fi jẹ iṣu yìí."

"Má fọwọ́ kàn án! Ẹ̀yìnkùlé!"

"Ṣé ẹ̀yìnkùlé ni kí n sè?"

Oṣù Kẹta wọlé pẹ̀lú ooru rẹ̀. Òjò kọ̀, páànù ń ta páú páú lọ́sàn-án. Ẹsẹ̀ adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Mùínàt fi àpò ìdọ̀họ tó rẹ sínú omi bo orí àgò, ó mú abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́ wọn láti ìyálẹ̀ta títí di ìrọ̀lẹ́. Ògì rẹ̀ ń kan jù nítorí pé kò ráyè sẹ́ ẹ. Wọ́n ní adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Èyí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí adìyẹ ni ara rọ̀. Ènìyàn méjì ni wọ́n so kọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan, ọ̀sán gangan, Mùínàt figbe ta. Kọmíṣánnà ti na ìyẹ́ méjèèjì sílẹ̀, ó ya ẹnu, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Japheth dé kí igbe náà tó tán lẹ́nu rẹ̀. "Ó ń kú! Bàbá Òkè! Ẹlẹ́rìí dà? Ó ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́ o!"

Bàbá Òkè yọ, ó gbé àga rẹ̀ dání. Ó wo ẹ̀yìnkùlé, ó wo àwọn méjèèjì. "Mo ti ń fẹ́ bá yín sọ ọ́, ẹ̀yìnkùlé yìí—"

"Adìyẹ ni kí ẹ máa wò, Bàbá!"

Bàbá Òkè jókòó, ó ń wo adìyẹ.

Mùínàt ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ bí ẹni tó ń kóná mọ́ irin. Kọmíṣánnà la ojú kan, ó pa á dé. Japheth ń jó yí wọn ká. Ó wá wolẹ̀. Ó rí itan náà. Itan náà tó ọwọ́ ọmọdé. Bí ẹ̀mí bá jáde kí ọ̀bẹ tó débẹ̀, òkú ẹran ni, ajá ni yóò jẹ ẹ́. Ijó rẹ̀ dáwọ́ dúró.

Mùínàt rí i. Ó gbé abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ó fa ọ̀bẹ yọ lábẹ́ àpótí, ó fi í síwájú àbúrò rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Wò ó, Búrẹ́mọ̀. Iwe inú rẹ̀ nìkan yóò kún awo. Dú u, kí o jẹ ẹ́."

"Kí ẹ̀yin gba ẹ̀yìnkùlé? Ẹ̀yin ni kí ẹ dú u!" Ó ti ọ̀bẹ padà. "Ẹ̀yin lẹ mọ bísímílà!"

"Ìwọ lo ni adìyẹ!" Ọ̀bẹ tún padà.

"Ẹ̀yin lẹ ń sìn ín!"

"Olójúkòkòrò!"

"Ẹ wò ó, ó ti ń tutù, ẹ dú u!"

"Dú u, alápamáṣiṣẹ́!"

Ọ̀bẹ ń lọ, ọ̀bẹ ń bọ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀. Ọrùn Kọmíṣánnà ti ń rọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà náà ni Salome jáde láti ilé ìdáná. Ó ti ń gbọ́ wọn tipẹ́. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó mú ọ̀bẹ náà bí wọ́n ṣe ń tì í padà sọ́dọ̀ Japheth, ó tẹ ìyẹ́ adìyẹ mọ́lẹ̀, ó ní "Lórúkọ Jésù," ó sì dú u.

Ẹ̀jẹ̀ ta sórí yanrìn. Ewúrẹ́ sá dé ìpẹ̀kun okùn rẹ̀.

"Omi ti hó," Salome ní.

Àfi bí ẹni pé wọ́n fi iná sí Mùínàt nídìí. Ó fò sókè, ó ṣíjó, ó fi ìborùn gbá afẹ́fẹ́. "Ará ilé rẹ̀! Bàbá Òkè, ẹ rí i? Ẹnikẹ́ni nínú wa tàbí ará ilé rẹ̀! Ìyàwó rẹ kọ́ ni, Búrẹ́mọ̀? Lọ kó yanrìn rẹ! Ewúrẹ́ mi ti jẹun tán lórí rẹ̀!"

"Kì í ṣe èmi ni mo rán an!" Japheth gbé ọwọ́ lérí, ó sáré wọlé, ó sáré jáde, ìwé orin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa ìwé pélébé náà yọ, ó fì í sókè. "Májẹ̀mú asán ni! Bàbá, ẹ gbọ́! Adìyẹ ẹran ni! Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá la fi ń jẹ ẹ́! Ẹ gbé e fún áńgẹ́lì sìn, kò ní í pamọ láéláé! Ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ la fi dá májẹ̀mú, nítorí náà kò sẹ́ni tó pàdánù! Ó wà nínú ìwé!"

Mùínàt dáwọ́ ijó dúró. Ó wo ìwé náà, kò lè kà á, kò sì nílò láti kà á.

"Ìgbà wo ni ìwé yìí ti wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Láti ọjọ́ tí mo ra—" Japheth pa ẹnu dé. Ọ̀rọ̀ ti kọjá lọ.

Salome, tó ti tu ìyẹ́ adìyẹ dé ìdajì, dìde. Ó gba ìwé náà, ó fi ìka tó tutù tọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé mẹ́fà lòun náà kà.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá lónìí." Ó ṣírò. "Ó ti pé oṣù kan tó yẹ kí àwọn ọmọ mi ti máa jẹ adìyẹ. Epo ni mo fi ń jẹ iṣu. Ẹ sì mọ̀, Bàbá Kíkẹ́lọmọ?"

Kọmíṣánnà wúwo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Salome fi í gbá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn, ìyẹ́ ń fò, kí ó tó padà sídìí iṣẹ́.

Ìjà náà kò parí nígbà tí adìyẹ wọ ìkòkò, kò parí nígbà tó hó. Mùínàt ní ẹni tó fi ọ̀bẹ kàn án ti pàdánù. Japheth ní asán kì í lófin. Mùínàt ní olè ni. Japheth ní ẹni tó fún oje ṣòkòtò àbúrò rẹ̀ fún adìyẹ jẹ, tó tún sọ ọ́ kiri ọjà, kò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni lólè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá Òkè la ẹnu, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó fẹ́ là á lẹ́ẹ̀kẹta, Salome gbé awo síwájú rẹ̀, itan kan àti iwe, ẹnu rẹ̀ sì rí nǹkan ṣe.

"N kò ní í jẹ níbẹ̀," Mùínàt ní. "Ta ló pe bísímílà sí i?"

"Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ní eyín," Bàbá Òkè ní. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n jẹ́ kó sọ parí nìyẹn.

Níkẹyìn, ohùn Japheth ha, ó rẹ Mùínàt náà. Àwọn méjèèjì jókòó sórí yanrìn, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn, wọ́n ń mí bíi Kọmíṣánnà. Ó wá jọ pé ó sọ sí àwọn méjèèjì lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà pé ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ dá a," Japheth ní. "Ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ta ló ni ẹ̀yìnkùlé?"

"Ohun tí ẹ bá wí ni a ó gbà," Mùínàt ní. "Ta ló ni ín?"

Bàbá Òkè fa eegun itan jáde lẹ́nu, ó wò ó bóyá nǹkan kù lára rẹ̀, ó gbé e sínú awo.

"Èmi ni," ó ní. "Bàbá yín tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi láti máa so ewúrẹ́ mọ́."

Lórí ìso, ewúrẹ́ ń jẹ ìwé orin tó bọ́ lọ́wọ́ Japheth.

Bàbá Òkè bu omi ọbẹ̀ díẹ̀, ó tọ́ ọ wò.

"Iyọ̀ rẹ̀ kò tó," ó ní.